Bí ẹ ṣe lè di kóòṣì àgbà básíkẹ́tì ní yunifásítì Amẹ́ríkà, tó bá jẹ́ Ìkòròdú lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀

Àwọn ọmọ tó ń gbá básíkẹ́tì ní Ìkòròdú níbí, ohun tí gbogbo wọn ń wá ni bí wọ́n ṣe máa dé Amẹ́ríkà lọ gbá a. Mi ò bá wọn jà rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa, nínú àwọn tó ń sáré lórí kọ́ọ̀tù yẹn, ẹni tó máa ga tó ò pọ̀, ẹni tó máa yára tó ò pọ̀, àwọn míì orúnkún ni ò ní gbà fún wọn. Ọ̀nà kan wà tí wọn kì í sábà sọ fáwọn ọmọ yìí, òun ni iṣẹ́ kóòṣì, pàápàá kóòṣì àgbà ní yunifásítì, iṣẹ́ tó lówó, tó níyì, téèyàn sì lè ṣe dọjọ́ ogbó. Mike Krzyzewski tí gbogbo ayé ń pè ní Coach K, ẹni ọdún 75 ni nígbà tó fi yunifásítì Duke sílẹ̀ lọ́dún 2022, géèmù tó sì wìn láyé ẹ̀ jẹ́ 1,202.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù ni pé kò sẹ́ni tó ń fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ lásán dé ipò yẹn. Ẹnìkan ló máa ń gbé fóònù pe ọ̀gá kan pé ọmọ yìí, mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, ẹ gbà á. Ẹni yẹn ò sì ní gbé fóònù nítorí pé ẹ mọ bọ́ọ̀lù jù sáwọ̀n, á gbé e nítorí pé ẹ ti bá a ṣe iṣẹ́ tí kò sẹ́lòmíì tó fẹ́ ṣe. Ẹ wo Coach K yìí náà, ó gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ Bob Knight ní iléèwé ológun West Point, ó ṣe sójà, ìgbà tó máa fi jáde Knight ti wà ní Indiana, ó mú un sọ́dọ̀ lọ́dún 1974 kó wá máa ran òun lọ́wọ́ bó ṣe ń kàwé lọ, nígbà tó fi máa di 1975 Army, ìyẹn tíìmù West Point, ti ní kó wá ṣe kóòṣì àgbà àwọn. Ẹ tún wo Brad Stevens, iléeṣẹ́ oògùn Eli Lilly ló ń bá ṣiṣẹ́, ó fiṣẹ́ gidi sílẹ̀ lọ́dún 2000 lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ọ́fíìsì básíkẹ́tì Butler, ọdún 2007 wọ́n fi ṣe kóòṣì àgbà, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó wá gbé iléèwé kékeré yẹn dé fáínà ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà lọ́dún 2010 àti 2011. Tom Izzo ní tiẹ̀ dúró ti Jud Heathcote ní Michigan State láti 1983 títí di 1995 kí wọ́n tó fún un ní àga, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ó gba ife.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ wà

Ẹ má dúró de físà o. Tíìmù tó bá wà nítòsí yín tó ní kóòṣì, ì báà jẹ́ ti secondary school, ì báà jẹ́ ti àdúgbò ní Ọ̀gólóǹtò tàbí Ìgbógbó tàbí Ìjẹ̀dẹ̀, ẹ lọ bá kóòṣì yẹn, ẹ kí i bó ṣe yẹ, ẹ ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ máa bá yín kọ stat sílẹ̀ nígbà géèmù". Ẹ má béèrè owó. Kí ẹ ti dé kí wọ́n tó ṣí géètì, kí ẹ jẹ́ ẹni tó máa kó bọ́ọ̀lù jọ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ kóòṣì wa níbí, àwọn nìkan ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, àwọn ló ń kọ́ọ̀ṣì, àwọn ló ń ra omi, àwọn ló ń bẹ àwọn òbí, ẹni tó bá gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní gbàgbé ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìwé kan àti bírò tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ iye ìgbà tí tíìmù ju bọ́ọ̀lù, iye rìbáùǹdì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí kò wọlé tó ta padà, tí wọ́n gbà níwájú lábẹ́ ọ̀pá àwọn tí wọ́n ń bá gbá, iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ wọn láìjù ú, àti iye fírí tíró, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fún wọn jù lẹ́yìn fáọ̀lù. Ẹ máa wá ṣírò ohun tí wọ́n ń pè ní possession, ìyẹn iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù jẹ́ tiwọn kó tó di ti ìkejì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹ mú iye ìgbà tí wọ́n jù ú, ẹ yọ rìbáùǹdì iwájú kúrò, ẹ ro ìgbà tó bọ́ lọ́wọ́ wọn mọ́ ọn, ẹ wá fi 0.475 sọ iye fírí tíró di púpọ̀, kẹ́ ẹ ro ìyẹn náà mọ́ ọn. Ká ní tíìmù yín ju bọ́ọ̀lù nígbà 60, rìbáùǹdì iwájú 10, ó bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà 14, fírí tíró 20, ìyẹn máa jẹ́ 60 yọ 10, ro 14, ro 9.5, gbogbo ẹ̀ 73.5. Tí wọ́n bá gba póìǹtì 66, ẹ pín 66 sọ́nà 73.5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.90. Póìǹtì kan ó lé fún possession kan ló dáa, nítorí náà 0.90 ń sọ fún yín pé àtakì ò lọ dáadáa kódà tí wọ́n bá wìn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fi hàn kóòṣì yín lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe lójú àwọn ọmọ o, lẹ́yìn tíréènì, kẹ́ ẹ rọra sọ ọ́. Kóòṣì tó bá nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ á máa béèrè pé ti òní ńkọ́.

Fídíò ló kàn, ibẹ̀ gan-an nilé iṣẹ́ yìí wà. Ẹ fi fóònù sókè, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí lórí tábìlì tí wọ́n to lé ara wọn, ní ẹ̀gbẹ́ àárín kọ́ọ̀tù, kí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá máa hàn, ẹ má máa sún un mọ́ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dání, nítorí ohun tí kóòṣì ń wá ni ibi tí àwọn mẹ́sàn-án yòókù dúró sí. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gé e, ẹ má fi géèmù odindi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni, ó ń jẹ dátà ó sì ń sú èèyàn, ẹ gé ìṣẹ́jú márùn-ún péré tó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú, bíi gbogbo ìgbà tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó sáré padà ṣe dìfẹ́ǹsì. Erik Spoelstra tó gba ife NBA fún Miami lọ́dún 2012 àti 2013, yàrá fídíò níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995. Ti yunifásítì kọ́ lòun, àmọ́ iṣẹ́ fídíò yìí kan náà ni.

Ẹ tún máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ò tíì mọ bó ṣe máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró, tó bá yé e lẹ́nu yín, ẹ ti ń di kóòṣì nìyẹn, nítorí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gbá tẹ́lẹ̀, èèyàn lè máa gbayì lórí ẹ̀ láìkọ́ ọ ní nǹkankan. Ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé pámárì tó wà nítòsí, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún wákàtí kan lọ́jọ́ Ẹtì.

Ní ti sátífíkéètì, National Institute for Sports tó wà ní sítédíọ̀mù Sùúrùlérè ń kọ́ kóòṣì, FIBA, àjọ básíkẹ́tì àgbáyé, náà ní láísẹ́ǹsì kóòṣì tó ní ìpele 1 dé 3, Nigeria Basketball Federation lẹ máa bá sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn. Ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn kóòṣì FIBA, WABC, fi ń kọ́ èèyàn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó lọ sanwó fún kọ́ọ̀sì kankan. Ẹni tó bá máa lọ Sùúrùlérè láti Ìkòròdú, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá yín lẹ́yìn Mile 12, ẹ̀yin náà mọ ìdí ẹ̀. Kọ́ọ̀sì rẹfirí náà dáa tó bá yọjú, kóòṣì tó mọ òfin dénú kì í fi ariwo ṣe géèmù. Ẹ rántí pé òfin tiwọn lọ́hùn-ún yàtọ̀ díẹ̀ sí ti FIBA tí à ń lò, níbí ìṣẹ́jú àáyá 24 lèèyàn ní láti ju bọ́ọ̀lù, ní yunifásítì Amẹ́ríkà 30 ni, àwọn ọkùnrin wọn ń gbá ìdajì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ogún ìṣẹ́jú, àwọn obìnrin wọn ló ń gbá kọ́tà mẹ́rin bíi tiwa.

Bí ẹ ṣe máa wọlé lọ́hùn-ún

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù dé ìwọ̀n kan lè gba sìkọ́láṣíìpù lọ sí iléèwé kékeré, wọ́n ní Division II tó jẹ́ ìpele kejì, wọ́n ní NAIA tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn iléèwé kékeré, wọ́n ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọdún méjì tó wà lábẹ́ NJCAA, kò pọn dandan kó jẹ́ àwọn orúkọ tẹ́ ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí ò gbá a tó bẹ́ẹ̀ á lọ bí akẹ́kọ̀ọ́ lásán, á wá bẹ tíìmù pé kí wọ́n gba òun ṣe student manager. Manager yìí ló ń fọ jẹ́sì, ló ń gbé omi, ló ń kó bọ́ọ̀lù fún ẹni tó ń ju, ló ń gbé kámẹ́rà. Àwọn kan máa ń rò pé iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò bẹ́ẹ̀, yàrá tí kóòṣì ti ń sọ̀rọ̀ àṣírí tíìmù, inú ẹ̀ ni manager wà lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù kì í sì í wọbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kọ ímeèlì sí wọn. Kì í ṣe sí kóòṣì àgbà, kò ní kà á, ẹ kọ ọ́ sí director of basketball operations tàbí ọ̀kan nínú àwọn asístàǹtì, orúkọ àti ímeèlì wọn wà lórí wẹ́ẹ̀bù yunifásítì náà. Kó má gùn. Ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ìgbà tẹ́ ẹ máa wọlé, ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe ní Ìkòròdú, àti líńkì fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn pẹ̀lú ìwé stat tẹ́ ẹ kọ. Líńkì yẹn ni wọ́n máa fi rántí yín, nítorí ẹni tó ń kọ "I love basketball" ti pọ̀ jù ní ímeèlì wọn.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tó máa ń dùn mí. Àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ òbí pé àwọn máa bá ọmọ rí sìkọ́láṣíìpù básíkẹ́tì, ẹ sá fún wọn. Iléèwé tó bá fẹ́ yín máa bá yín sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀, á fún yín ní fọ́ọ̀mù I-20, èyí tẹ́ ẹ máa fi gba físà, ní orúkọ yín, ẹ sì lè yẹ iléèwé náà wò lórí wẹ́ẹ̀bù ìjọba Amẹ́ríkà bóyá wọ́n láṣẹ láti gba akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ìyá tó ń ta ẹja ní Ẹbute kò yẹ kó ta ilẹ̀ nítorí lẹ́tà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbi tí wọ́n ní ó ti wá.

Ohun tẹ́ ẹ bá lọ kà náà ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Tó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, lẹ bá lọ, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà yín láàyè láti ṣiṣẹ́ nínú ọgbà iléèwé nígbà tẹ́ ẹ bá ń kàwé lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá sì parí, ẹ lè gba OPT, àṣẹ tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ fún oṣù 12, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ bá ohun tẹ́ ẹ kà mu. Ẹni tó bá ka sport management tàbí kinesiology, iṣẹ́ kóòṣì bá a mu tààrà. Nǹkan míì tó dáa ni pé yunifásítì tó bá fẹ́ gba físà iṣẹ́, H-1B, fún èèyàn kò sí lábẹ́ òǹkà tó ń mú kí àwọn iléeṣẹ́ yòókù máa ta lọ́tìrì. Òfin físà ń yí o, ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní iléèwé yín ni kẹ́ ẹ máa bi, ẹ má bi ẹ̀gbọ́n tó lọ nígbà láéláé.

Àtẹ̀gùn náà

Lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, graduate assistant ló kàn, GA. Iléèwé á máa san owó másítà yín, á fún yín ní owó díẹ̀ sọ́wọ́, ẹ̀yin á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ò ní oorun. GA ló ń ṣe scout, ìyẹn ni pé ẹ máa wo géèmù mẹ́rin tàbí márùn-ún tí tíìmù tó ń bọ̀ gbá kẹ́yìn, ẹ máa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí ọwọ́ bá há, ẹ máa mọ ẹni tó ń fẹ́ lọ apá ọ̀tún, ẹni tó ń ju láti ọ̀nà jíjìn àti ẹni tẹ́ ẹ lè fi sílẹ̀, ẹ wá kó gbogbo ẹ̀ sínú ojú ewé kan tí ọmọ ogún ọdún lè kà nínú bọ́ọ̀sì. Mark Few dé Gonzaga bíi GA lọ́dún 1989, kò kúrò níbẹ̀, 1999 ó di kóòṣì àgbà, ó dé fáínà lọ́dún 2017 àti 2021.

Láti GA, èèyàn lè di video coordinator tàbí director of operations, ẹni tó ń bá wọn ṣètò òtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ àti oúnjẹ, lẹ́yìn náà asístàǹtì. Asístàǹtì ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń há sí, nítorí ohun tí wọ́n máa fi díwọ̀n yín níbẹ̀ ni rìkúrúùtì, àwọn ọmọ wo lẹ lè mú wá. Ibẹ̀ gan-an lọmọ Nàìjíríà ti ní nǹkan lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ ilé tí ọmọ náà ti wá, ẹ lè bá ìyá ẹ̀ sọ Yorùbá, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé WAEC, ẹ mọ bóyá ọjọ́ orí tó wà lórí ìwé jọ ti ojú. Ẹ má fi èyí tan ọmọ kankan láéláé, torí tí orúkọ yín bá bàjẹ́ lójú àwọn òbí níbí, kò sóhun tẹ́ ẹ máa gbé lọ fún kóòṣì yín mọ́.

Tíìmù ọkùnrin tó wà ní Division I, ìpele tó ga jù, lé ní 350, ìyẹn ni pé àga àgbà tó wà níbẹ̀ ò pọ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé tí iléèwé kékeré kan bá ní kẹ́ ẹ wá ṣe kóòṣì àgbà, Division III o, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọdún méjì o, secondary school pàápàá, ẹ lọ. Ohun tí àga yẹn ń kọ́ni, àga kejì ò lè kọ́ni láéláé: bí wọ́n ṣe ń yọ ọmọ tó dáa jù kúrò lórí kọ́ọ̀tù nígbà tí géèmù le, kí gbogbo èèyàn sì máa wo ẹ̀yin nìkan. John Thompson, secondary school ló ti ń kọ́ọ̀ṣì kí Georgetown tó mú un lọ́dún 1972, 1984 ó fi 84 sí 75 na Houston ní fáínà, ó di kóòṣì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ife yẹn, Hakeem Ọlájùwọ́n ọmọ Èkó tiwa ló sì wà ní Houston lọ́jọ́ náà, ó dùn wá nígbà yẹn, àmọ́ ohun tí Thompson ṣe tóbi. Dan Hurley náà pẹ́ ní secondary school kó tó lọ sí Wagner lọ́dún 2010, Rhode Island lọ́dún 2012, UConn lọ́dún 2018, ó sì gba ife 2023 àti 2024 tẹ̀léra.

Ẹni tó ń gba kóòṣì àgbà síṣẹ́ ni athletic director, ìyẹn ọ̀gá eré ìdárayá iléèwé, wọ́n sì sábà máa ń gba iléeṣẹ́ kan tó máa bá wọn wá èèyàn. Àwọn yẹn ń pe fóònù káàkiri kí orúkọ kankan tó jáde. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kóòṣì fi ń lọ sí ìpàdé NABC, ẹgbẹ́ àwọn kóòṣì, tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún níbi Final Four, ibi tí tíìmù mẹ́rin tó kẹ́yìn ti ń du ife, kí ojú lè mọ ojú. Tí wọ́n bá wá pè yín fún ìntáfíù, bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ni wọ́n máa bi yín. Láti 2018 tí transfer portal ti dé, ọmọ lè kúrò nírọ̀rùn, láti 2021 ọmọ lè gbowó lórí orúkọ ẹ̀, láti July 2025 iléèwé fúnra ẹ̀ lè máa sanwó fún wọn, nítorí náà wọ́n máa bi yín pé owó báyìí ló wà, ọmọ 15 lẹ lè kó jọ, báwo lẹ ṣe máa pín in. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, orúkọ àti owó. Ẹ mú orúkọ asístàǹtì tẹ́ ẹ máa kó dání lọ. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì, ẹ jẹ́ kí lọ́yà ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé iye báyìí ni wọ́n máa san tí wọ́n bá lé yín, àti iye tí ẹ̀yin máa san tẹ́ ẹ bá kúrò. Wọ́n ń lé èèyàn dáadáa níṣẹ́ yìí. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí Coach K lò ní Duke, géèmù 38 ló wìn, 47 ni wọ́n nà án, tí wọn ò bá ní sùúrù fún un ni ife márààrún ì bá má sí. John Wooden tó gba ife mẹ́wàá fún UCLA, sáà ẹ̀ kẹrìndínlógún níbẹ̀ ló tó rí àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí jù. Pat Summitt di kóòṣì àgbà Tennessee lọ́dún 1974, ọmọ ọdún 22 péré, ife mẹ́jọ ló gbà. Dawn Staley ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ nígbà tí Temple fún un ní tíìmù lọ́dún 2000, ó ti gba ife mẹ́ta fún South Carolina báyìí. Rena Wakama tiwa, òun náà ti bá Manhattan àti Stony Brook ṣiṣẹ́ kí D'Tigress, tíìmù obìnrin Nàìjíríà, tó dé ọwọ́ ẹ̀, ó gba AfroBasket 2023, ó tún gba ti 2025, ní Paris 2024 wọ́n di tíìmù Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé kọ́tà-fáínà básíkẹ́tì Òlíńpíìkì. Bàbá tó bá ní kí ọmọ òun obìnrin má tẹ̀ lé wa lọ tíréènì mọ́, orúkọ Wakama ni mo máa ń kọ́kọ́ dá fún un.

Ẹni tí físà ò bá ṣeé ṣe fún, tàbí tó wù ú kó dúró nílé, yunifásítì wa náà ní ìdíje, NUGA ti wà láti 1966 tí wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, àwọn pólì ní NIPOGA. Níbí, ẹ̀ka eré ìdárayá iléèwé ló máa ń gba kóòṣì bí òṣìṣẹ́, wọ́n sì máa ń béèrè dìgírì, Human Kinetics ló bá a mu jù, ẹ lè kà á ní Ìbàdàn tàbí ní UNILAG. Ní agbègbè wa, LASUSTECH wà ní Ìkòròdú, Caleb wà ní Ìmọ́tà, LASUED ní ọgbà ní Nóforíjà ní Ẹ̀pẹ́ fún ẹni tí ibẹ̀ bá yá. Ẹ wọ ọ́fíìsì eré ìdárayá wọn lọ láàárín ọ̀sẹ̀, láàárọ̀, ẹ mú ìwé stat àti fídíò yín dání, kẹ́ ẹ béèrè ẹni tó ń mójú tó básíkẹ́tì àti ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe tíréènì.